Owó Àlejò, Iṣẹ́ Onílé: Àgbéyẹ̀wò Ìwádìí Ifẹ̀ lórí Fífi Èdè Abínibí Kọ́ Ọmọ

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà, Ọ̀mọ̀wé Túnjí Àlàúsá, kéde ní Àbújá pé ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ìlànà èdè tí Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù kọkànlá ọdún 2022. Ìlànà tí a fagi lé náà ni ó ní kí a máa fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò kọ́ ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí ó bá lò ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun tí Mínísítà fi ṣe ìdí ọ̀rọ̀ ni pé àwọn àgbègbè tí ó lo èdè abínibí jù ni àwọn ọmọ wọn ń kùnà jù nínú ìdánwò àṣekágbá àti ti àṣewọlé sí yunifásítì. Ariwo sọ lẹ́yìn ìkéde yìí, ó sì tọ́ kí ó sọ. Ṣùgbọ́n bí àwa olùfẹ́ èdè Yorùbá ti ń da ọ̀rọ̀ náà rò ní iyàrá àwọn olùkọ́ àti nínú ìpàdé ẹgbẹ́, ẹ̀rí kan náà ni ó ń bọ́ sí gbogbo wa lẹ́nu: ìwádìí Ifẹ̀, ìwádìí Ifẹ̀. Ìwádìí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, tí ó sì parí ní ọdún 1978, ni à ń wí. Àwọn ọmọ tí ó kọ́kọ́ wọ kíláàsì náà ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún lónìí.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ bi ara wa kò ju ọ̀kan lọ. Kí ni ó dé tí ó fi jẹ́ pé ẹ̀rí tí ó ti gbó tó báyìí ni a kọ́kọ́ ń sáré mú nígbà tí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀? Mo gbà pé ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ owó: ọ̀nà tí owó náà gbà wọlé, ohun tí a fi ṣe, àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ tí ó tán. Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n gbà pé owó ìwádìí tí ó bá ti òkè òkun wá, ẹ̀tàn ni. Èmi kò sí lẹ́yìn wọn, ìwádìí Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò sì jẹ́ ẹlẹ́rìí mi.

Ní ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àti fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, àṣà ilé-ẹ̀kọ́ wa ni pé Yorùbá ni a fi ń kọ́ ọmọ ní kíláàsì mẹ́ta ìṣáájú, kí a tó já a sílẹ̀ ní kíláàsì kẹrin kí a sì mú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1953, àjọ UNESCO tẹ ìwé kan jáde tí ó sọ pé èdè abínibí ni ó dára jù láti fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ, kí a sì fà á gùn dé ibi tí agbára bá mọ. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ oníṣòwò sì ya wọ ilé-ẹ̀kọ́. Púpọ̀ nínú wọn ni kò kọjá kíláàsì kẹfà. Kí ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mú relé? Gẹ̀ẹ́sì tí kò tó í kọ lẹ́tà, Yorùbá tí a já gbà lẹ́nu rẹ̀ ní àárín ọ̀nà, àti ìṣirò tí ó há sórí ní èdè tí kò gbọ́. Ohun tí ó ń dun Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Ifẹ̀ nìyí. Ìbéèrè wọn kò ṣòro láti gbọ́: bí a bá fi Yorùbá kọ́ ọmọ Yorùbá ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí a sì kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan láàyè ara rẹ̀, ṣé kò ní sàn ju èyí tí à ń ṣe lọ?

Ẹ wo àkókò tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Oṣù kìíní ọdún 1970 ni, oṣù kan náà tí ogun abẹ́lé parí. Yunifásítì Ifẹ̀ kò tíì pé ọdún mẹ́jọ. Ìjọba tí ó ń ti ojú ogun bọ̀ kì í sábà rántí ọmọ kíláàsì kìíní àti bí yóò ṣe ka òǹkà. Àjọ Ford ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó gbé owó sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Kì í ṣe àánú lásán ni ó sì mú un ṣe é. Ní òpin àwọn ọdún 1960, àjọ yìí kan náà ń náwó sí ìwádìí ńlá kan lórí bí a ṣe ń lo èdè àti bí a ṣe ń kọ́ni ní èdè ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Ọ̀rọ̀ èdè nínú ètò ẹ̀kọ́ wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà náà. Ìbéèrè Ifẹ̀ sì bá a lọ́kàn bẹ́ẹ̀, láìjẹ́ pé Ifẹ̀ pa ìbéèrè tirẹ̀ dà kí ó lè bá ti olówó mu. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé aládùúgbò òun ń wá aṣọ òkè ni ó ń gbé aṣọ òkè kọjá ní ojúde rẹ̀. Kì í ṣe pé ó sọ aṣọ òkè di àǹkárá nítorí ọjà.

Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ìpàdé báyìí, ohun tí ń dun onílé àti ohun tí ń wu àlejò lójú kan náà, kò wọ́pọ̀. Nígbà tí kò bá sí, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ni yóò tẹ̀ fún èkejì. Àwọn àgbà sì ti ní ọwọ́ afúnni ní í wà lókè.

Báwo ni a ṣe ná owó náà? Ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's “A” ní Mọdákẹ́kẹ́, Ilé-Ifẹ̀, ni a ti bẹ̀rẹ̀. Nínú kíláàsì àdánwò, Yorùbá ni èdè ìkọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nínú kíláàsì tí a fi ṣe afiwé, a tẹ̀lé àṣà àtijọ́, Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́ta. A ṣètò olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì dunjú láti máa kọ́ àwọn ọmọ àdánwò ní èdè náà. A kọ́ àwọn olùkọ́, a sì ń yẹ iṣẹ́ wọn wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébísí Afọláyan, tí wọ́n jẹ́ onímọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, wà lára àwọn tí wọ́n ru ẹrù iṣẹ́ náà, èyí tí ó yẹ kí ó pa ẹnu àwọn tí ó rò pé ọ̀tá Gẹ̀ẹ́sì ni ó dá ètò náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó gba òógùn jù, lójú tèmi, ni ìwé kíkọ: ìwé ìṣirò, ìwé sáyẹ́ǹsì, ìwé ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ àti àṣà, ìwé Yorùbá fúnra rẹ̀, láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà.

Ẹni tí kò bá tíì gbìyànjú rẹ̀ rí lè rò pé ìtumọ̀ lásán ni. Ẹ mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, *ìwọ̀n*. Oníṣòwò tí ó ń fi kóńgò wọn ìrẹsì, aránṣọ tí ó ń wọn apá aṣọ, àti apòògùn tí ó ń gbé egbòogi lé òṣùwọ̀n, ìwọ̀n ni gbogbo wọn ń wí, ọ̀rọ̀ náà sì dá wọn lójú. Ìwé sáyẹ́ǹsì kò lè gbà bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ya ìwọ̀n ìwúwo sọ́tọ̀, kí ó ya ìwọ̀n gígùn sọ́tọ̀, kí ó tún wá orúkọ fún ìwọ̀n àyè tí nǹkan gbà. Ẹ mú *agbára*: agbára ọba, agbára ẹṣin, agbára iná mànàmáná, agbára ọwọ́ tí ó ti ilẹ̀kùn. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mẹ́rin dúró níbi tí ahọ́n Yorùbá ti fi ọ̀kan rìn láti ọjọ́ pípẹ́.

Ti ìṣirò ni ó tún le jù. Ọmọ tí ó bá kọ 45 sí ara pátákó, ọwọ́ rẹ̀ kọ ẹẹ́wàá mẹ́rin àti ẹyọ márùn-ún. Ẹnu rẹ̀ wí pé márùndínláàádọ́ta. Ọwọ́ ń ro pọ̀, ẹnu ń yọ kúrò. Bẹ́ẹ̀ ni òǹkà wa ti rí, ó sì ní ọgbọ́n tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò kọ ìwé ìṣirò fún ọmọ ọdún méje gbọ́dọ̀ pinnu bóyá ìwé ni yóò tẹ̀ lé ẹnu, tàbí ẹnu ni yóò tẹ̀ lé ìwé. Ìpinnu báyìí kì í ṣe ohun tí olùkọ́ kan ń ṣe ní alẹ́ lẹ́yìn tí ó ti tò máàkì tán. Ó ń fẹ́ kí onímọ̀ èdè, onímọ̀ ìṣirò àti olùkọ́ kíláàsì jókòó pọ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kí a sì dá wọn dúró kúrò lẹ́nu iṣẹ́ mìíràn. Àsìkò ni owó àlejò rà fún Ifẹ̀. Àwọn tí ó ń wo owó ìwádìí bí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú kò mọ̀ pé àsìkò ni ohun tí ó wọ́n jù lọ́wọ́ olùkọ́ yunifásítì.

Èsì ìwádìí náà kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ nínú àwọn ẹ̀kọ́ gbogbo, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Níbi tí a máa ń dúró sí nìyí, tí a ó sì pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n alátakò tí ó bá jẹ́ olóòótọ́ ní ìbéèrè kan láti bi wá, kò sì yẹ kí a bínú sí i. Ìwé tuntun wà nínú kíláàsì àdánwò. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí a yàn wà níbẹ̀. Àwọn ará yunifásítì ń wọlé, wọ́n ń jáde, ojú sì wà lára olùkọ́ ní gbogbo ìgbà. Èló nínú èrè náà ni ti èdè Yorùbá, èló ni ti ìtọ́jú? Nítorí pé àpò kan náà ni ó sanwó fún gbogbo wọn pọ̀, ó ṣòro láti tú wọn ká. Ká má purọ́, owó náà fúnra rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ kan nínú kíláàsì yẹn. Ilé-ẹ̀kọ́ abúlé tí kò ní ìwé, tí olùkọ́ méjì ń kọ́ kíláàsì mẹ́fà, kò lè fi Yorùbá nìkan kó irú èrè bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò lè fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan kó o. Èyí kò pa ẹ̀rí Ifẹ̀. Ohun tí ó ṣe ni pé ó sọ ọ́ di ẹ̀rí tí ó yẹ kí a tún un wò, kí a pààrọ̀ ohun kan nínú rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan, títí a ó fi mọ èyí tí ó jẹ́ ti èdè.

Ọdún 1978 dé, iṣẹ́ náà parí. Ìlànà Orílẹ̀-èdè lórí Ètò Ẹ̀kọ́ ti jáde ní ọdún 1977: ó fi èdè abínibí sí ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì sí ìyókù. Ọdún mẹ́ta ni àṣà dúró sí, níbi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá fúnra wọn di Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní ọdún 1990, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí di ọdún 1992. Síbẹ̀, ọdún mẹ́fà Ifẹ̀ kò di àṣà ilé-ẹ̀kọ́ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ó gbà títí di ọdún 2022 kí ìjọba àpapọ̀ tó kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìlànà, ọdún mẹ́ta péré ni ó sì lò.

Àwọn baba wa ní àgbàtán ni à ń gba ọ̀lẹ. Bí a bá dá aṣọ fún un, a ó pa á láró. Mo ti gbọ́ tí a fi òwe yìí bá Àjọ Ford wí: ó dá aṣọ, kò pa á láró. Mo rò pé òdìkejì ni a mú. Ifẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ, àjọ náà kò sì ṣèlérí aró. Ẹni tí ó gba owó fún ọdún díẹ̀ mọ ọjọ́ tí owó yóò tán láti ọjọ́ tí ó ti fọwọ́ sí ìwé. Ìwádìí tí ó sọ pé kí a yí èdè ìkọ́ni padà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, ìjọba ni ajogún rẹ̀, ajogún kan kì í sì í gba ogún tí a kò bá a sọ. Ìgbà tí ó yẹ kí a ti bá ìjọba dè é mọ́lẹ̀, kí ó fọwọ́ sí i pé bí èsì bá dára òun ni yóò tẹ ìwé, òun ni yóò san owó olùkọ́, ni ìgbà tí owó àlejò ṣì wà lórí tábìlì. Lẹ́yìn tí ó ti tán, ta ni yóò dá wa lóhùn?

Ó ku ọ̀rọ̀ ìwé tí ó jáde nínú iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1989, ilé-iṣẹ́ University Press ní Ìbàdàn tẹ Education in Mother Tongue, tí Fáfúnwá, Macauley àti Sókòyà kọ. Ìwé tí ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ wa kà ni. Ohun tí a mọ̀ nípa ètò náà ní kíkún, inú rẹ̀ ni ó wà. Ṣùgbọ́n ó dé ní ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn tí iṣẹ́ parí, ó sì dé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Mo mọ ohun tí a ó sọ: àwọn onímọ̀ káàkiri ayé ni a kọ ọ́ fún, ó sì ti dé ọ̀dọ̀ wọn, nítorí kò sí ibi tí a ti ń jiyàn lórí èdè abínibí ní Áfíríkà tí a kì í ti í dárúkọ Ifẹ̀. Mo gbà. Síbẹ̀, ìwé tí ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Yorùbá lè gbé ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, ṣé kò yẹ kí ó jẹ́ kí Yorùbá gbé ìjábọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú? Òbí tí ó gbà kí a fi ọmọ òun dán ọ̀nà tuntun wò, olórí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi dá òbí mìíràn lójú, àwọn ni ìwé náà fò kọjá. Bí àwọn òbí ilẹ̀ Yorùbá bá ti ka èsì yẹn ní èdè ara wọn ní ọdún 1979, n kò gbà pé ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tí ó ń fi ẹgba lé Yorùbá kúrò lẹ́nu ọmọ ìbá rí oníbàárà tó bẹ́ẹ̀.

Àìsàn yìí kò fi wá sílẹ̀. Ẹ wo bí olùkọ́ yunifásítì ṣe ń wá owó ìwádìí lónìí. Ìkéde yóò jáde láti ọ̀dọ̀ onígbọ̀wọ́, pẹ̀lú ọjọ́ tí yóò tì. Ìkéde náà ti ní ọ̀rọ̀ àyànláàyò tirẹ̀, ẹni tí yóò bá sì rí owó gbà gbọ́dọ̀ fi àwọn ọ̀rọ̀ náà ta àbá rẹ̀ láró. Ní ọdún kan ó lè jẹ́ ojú ọjọ́ tí ń yí padà, ní ọdún kejì kí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ obìnrin, ní ọdún kẹta kí ó jẹ́ kọ̀ǹpútà tí ń ronú bí ènìyàn. Kò sí èyí tí kò dára nínú wọn. Ohun tí kò dára ni kí ẹni tí ó ti ń ṣe ìwádìí lórí oríkì fún ogún ọdún wá di onímọ̀ ojú ọjọ́ ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ̀wù àgbàbọ̀ kì í yẹ ni: bí kò bá fúnni lápá, a ṣò ní ọrùn. Mo ti ka àbá akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó fi ojú ewé mẹ́rin ṣàlàyé àǹfààní tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò ṣe fún àgbáyé, tí ó sì fi ìlà méjì sọ ohun tí ó fẹ́ mọ̀.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí àwa onímọ̀ èdè kì í sábà bìkítà fún, títí owó yóò fi tán ní ìdajì ọ̀nà. Ìwádìí ń lo iná, ó ń lo omi, ó ń lo ilé, akápò àti akọ̀wé. Yunifásítì ní ẹ̀tọ́ láti yọ owó kan lórí owó ìwádìí fún ìwọ̀nyí. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ń bá ìjọba dúnàá-dúrà lórí rẹ̀, ti púpọ̀ nínú wọn sì ti lé ní ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ náà. Yunifásítì tí ó wà lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà, tí ó gba owó lọ́wọ́ àjọ ìwádìí ìlera Amẹ́ríkà tí à ń pè ní NIH, ìdá mẹ́jọ péré ni wọ́n ń fún un. Ẹni tí ó bá mọ iye dísẹ́ẹ̀lì ní Nàìjíríà kò nílò pé kí n ṣe ìṣirò náà fún un. Yunifásítì wa ń fi àpò ara rẹ̀ ṣe ìrànwọ́ fún ìwádìí olówó, ó sì ń dúpẹ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2025, NIH tún kéde pé òun dá owó tí yunifásítì Amẹ́ríkà ń pín fún alábàáṣe rẹ̀ ní òkè òkun dúró títí a ó fi rí ètò tuntun. Bí ìpinnu ìlú mìíràn ṣe lè ti ilẹ̀kùn ìwádìí nílé wa nìyí, láìsí ìjà láàárín àlejò àti onílé.

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fẹ́ kí a lé àlejò, ẹ jẹ́ kí a dé Ìdíkàn, ní Ìbàdàn. Ní ọdún 1992, Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan pẹ̀lú owó ìjọba Amẹ́ríkà, lórí àrùn tí ń mú kí arúgbó gbàgbé ara rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun ni aṣáájú ní Ìbàdàn kí wọ́n tó dolóògbé ní ọdún 1995. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì wà lára àwọn tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà lọ síwájú. Hugh Hendrie sì ni aṣáájú ní Indianapolis. Wọ́n fi àwọn Yorùbá 2,459 tí ó dàgbà wé àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà 2,147. Èsì tí ó jáde ní ọdún 2001 fi hàn pé ìdá 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún ni àrùn Alzheimer ń mú lọ́dún ní Ìbàdàn, ìdá 2.52 ní Indianapolis. Àwọn tí ó jẹ́ ìbátan ní orírun ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀nà ìgbé ayé wọn ti yà.

Iṣẹ́ èdè wà nínú èyí ju bí a ti máa ń rò lọ. Ìdánwò ìrántí tí àwọn òyìnbó ń lò a máa sọ fún ènìyàn pé kí ó kọ gbólóhùn kan sílẹ̀. Báwo ni a ó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá àgbà tí kò wọ ilé-ẹ̀kọ́ rí? A ní láti wá ìbéèrè mìíràn, kí a túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, kí a sì bi ará ilé rẹ̀ pẹ̀lú bóyá ó ṣì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti ń ṣe é. Iṣẹ́ náà ju ọdún mẹ́wàá lọ kí ó tó parí. Ìdí tí a fi ń tún owó rẹ̀ ṣe, bí mo ti rò ó, ni pé bí a bá yọ Ìbàdàn kúrò, ìbéèrè Indianapolis kò ní ìdáhùn. Àlejò nílò onílé. Ti Mọdákẹ́kẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀: ọmọ Yorùbá nìkan ni ìdáhùn rẹ̀ kàn, kò sì sí ẹni tí oorun rẹ̀ yóò dá ní New York bí a kò bá parí rẹ̀. Iṣẹ́ tí ó bá jẹ́ tiwa nìkan, tiwa ni kí a bọ́ ọ.

Ṣé a sì lè bọ́ ọ? A ti bọ́ ọ rí. Owó Nàìjíríà ni àjọ NERC fi kó àwọn onímọ̀ jọ láti ṣe Èdè-Ìperí Yorùbá, ìwé kìíní tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984, ìwé kejì tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì jẹ́ olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1990. Kò sí ìlú tí ó gbọ́ ariwo rẹ̀ ní òkè òkun. Ṣùgbọ́n kò sí olùkọ́ Yorùbá tí yóò kọ́ni ní gírámà tàbí lítíréṣọ̀ lónìí tí kò ní lo ọ̀rọ̀ tí ó ti inú rẹ̀ jáde, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Òfin ọdún 1993 tún wà, èyí tí ìjà ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì bí, tí ó ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ máa san ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún èrè wọn sí àpò ètò ẹ̀kọ́. Àpò náà ni ó di TETFund ní ọdún 2011. Owó ìwádìí wà nínú rẹ̀, ẹ̀ka kan sì wà nínú owó ìwádìí náà tí ó jẹ́ ti ẹ̀kọ́ ìwà ènìyàn àti àwùjọ, níbi tí èdè wà. Kò wá láti òkè òkun, ṣùgbọ́n ó wá láti ìta yunifásítì, ó sì ní fọ́ọ̀mù, ọjọ́ ìtìpa àti ìjábọ̀ tirẹ̀ bí ti àlejò gẹ́lẹ́.

Àbá kan tí ẹ̀ka Yorùbá lè kọ sí i ni kí a tún ìwádìí Ifẹ̀ ṣe. Kí a ṣe é ní ìlú méjì ó kéré tán: ọ̀kan bí Èkó, níbi tí ọmọ ti ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì àdàmọ̀dì kí ó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀kan ní ìlú kékeré níbi tí Yorùbá ṣì ń ṣe ọba nínú ilé, nítorí ọmọ ọdún 1970 kì í ṣe ọmọ òní. Kí ìwé dára bákan náà nínú kíláàsì méjèèjì, kí olùkọ́ rí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bákan náà, kí ó má baà sí ẹni tí yóò tún bi wá pé èló ni ti ìtọ́jú. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí ìwé kí owó tó jáde. Kí ìlà kan wà nínú ètò ìnáwó fún ìjábọ̀ ní Yorùbá, tí a ó tẹ̀ ní ọdún tí iṣẹ́ bá parí.

Ó sì ní èyí tí kò ní í dúró de fọ́ọ̀mù kankan. Àwọn ọmọ Mọdákẹ́kẹ́ ìgbà náà ti di bàbá àgbà àti ìyá àgbà. Ẹnikẹ́ni nínú wọn lè sọ fún wa bí ó ti rí lára rẹ̀ nígbà tí ó kúrò ní kíláàsì kẹfà tí ó bọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ ìṣirò tí ó ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, àti èdè tí ó fi kọ́ ọmọ tirẹ̀. Yunifásítì tí ó ṣe ìwádìí náà, tí a yí orúkọ rẹ̀ padà sí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọdún 1987, kò jìnnà sí wọn. Ohun tí iṣẹ́ náà ń fẹ́ ni ìwé àkọsílẹ̀ díẹ̀, ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sílẹ̀, owó ọkọ̀ láti ọgbà yunifásítì dé Mọdákẹ́kẹ́, àti akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tí wọ́n mọ bí a ṣe ń kí àgbà kí a tó bi í ní ìbéèrè.